Kókó Mẹ́ta Ìdí Kẹ̀ǹbẹ̀ Bàbá Délé

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo kéré débi pé ẹsẹ̀ kan péré nínú ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀ gbà mí tán tọwọ́-tẹsẹ̀, inú ṣòkòtò àwọn bàbá arúgbó ni mo máa ń sá pamọ́ sí bí a bá ń ṣe bojúbojú nílé wa ní Igbó-Ọrà. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo mọ ibi tí ẹ̀yin náà ń sá sí: ẹ̀yìn àmù, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì onírin, àárín àpò ẹ̀gúsí. Tèmi kàn dára ju tiyín lọ ni. Òfì tuntun máa ń rùn bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká kúrò nínú oòrùn, ó sì máa ń gbóná díẹ̀ nítorí áyọ́ọ̀nù eléèédú tí wọ́n fi lọ̀ ọ́. Bí mo bá ti wọ inú rẹ̀, n óò ká ara mi jọ bí ọmọ ológbò, n óò sì máa gbọ́ ohùn àwọn tó ń wá mi. Ìgbà kan wà tí mo sùn lọ síbẹ̀ títí tí ẹni tó ni ṣòkòtò fi dé, tó ní òun fẹ́ wọ̀ ọ́ wò. Igbe tí bàbá náà ké, wọ́n gbọ́ ọ dé ìsọ̀ alápatà.

Ìyá mi ló ń rán an, nínú ọ̀dẹ̀ ilé wa. Kì í ṣe bùbá obìnrin, kì í ṣe gáùn, kì í ṣe ṣẹ́ẹ̀tì. Aṣọ ayé àtijọ́ ni tirẹ̀: dàńdógó tó ń wọ́ nílẹ̀, gbárìyẹ̀ tí apá rẹ̀ fẹ̀ bí ìyẹ́ àṣá, àti kẹ̀ǹbẹ̀ tí ìdí rẹ̀ gbòòrò débi pé ẹni tó bá wọ̀ ọ́, òun àti atẹ́gùn ni wọ́n jọ ń rìn. Bàbá rẹ̀ ló ń rán irú rẹ̀ fún àwọn ẹni ńlá nígbà tirẹ̀. Kò bí ọkùnrin. Nígbà tí ojú rẹ̀ di bàìbàì, ó gbé àpótí abẹ́rẹ́ rẹ̀ lé ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kí iṣẹ́ náà má parun. Bí ìyá mi ṣe di obìnrin tó ń rán ṣòkòtò ọkùnrin nìyẹn. Bí irú rẹ̀ mìíràn bá wà ní gbogbo Ìbàràpá nígbà náà, èmi ò gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti orúkọ rẹ̀. Ìbejì ló bí ṣáájú mi, Táyé àti Kẹ́hìndé, tí wọ́n ti lọ kàwé ní Ìbàdàn nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró láàárín ọjà Igbó-Ọrà tí ẹ pe Ìyá Ìbejì, ìdajì ọjà ni yóò jẹ́ yín lóhùn, ìdajì tó kù yóò bi yín pé èwo nínú wọn. Nítorí náà, gbogbo Ìyá Ìbejì ló ní ìnagijẹ tó fi yàtọ̀: Ìyá Ìbejì Alákàrà, Ìyá Ìbejì Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Ìbejì Òkèèrè. Ti ìyá mi ni Ìyá Ìbejì Oníkẹ̀ǹbẹ̀. Èmi Ìdòwú tí mo tẹ̀lé àwọn ìbejì wá sáyé, kò sẹ́nì kan tó pe ìyá mi ní Ìyá Ìdòwú rí. Ohun tí wọ́n máa ń rántí nípa Ìdòwú ni pé olórí kunkun ni. Èmi náà kò sì já wọn kulẹ̀.

Òfì kì í wá ní fífẹ̀ bí àǹkárá. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, bí ìgbànú, a óò wá tò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a óò máa fi abẹ́rẹ́ mú etí kan mọ́ èkejì. Ìyá mi kò gbà kí ẹ̀rọ fọwọ́ kàn án. Ó ní ẹ̀rọ ń sáré ju òfì lọ. Bí a bá ti ilé-ìwé dé, tí mo bá ti jẹ ẹ̀kọ àti ìlasa tán, tí mo ti pa ẹ̀gúsí abọ́ kan, orí ẹní ni mo ń lọ. N óò fi ìda oyin pa okùn kó má baà lọ́ mọ́ra, n óò ki okùn bọ ojú abẹ́rẹ́, n óò sì rán ibi tí wọ́n bá yàn fún mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ta òkòtó níta, mo ń gbọ́ bó ṣe ń hó lórí ilẹ̀, èmi ń rán etí òfì mọ́ra bí ẹni ń tún ọ̀nà oko ṣe.

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń rán an. Ní ilé-ìwé, pàṣán ni wọ́n fi ń yọ òsì kúrò lára wa. Gbogbo ẹ̀yin alòsì ẹgbẹ́ mi, ẹ fọwọ́ bo ẹ̀yìn ìka yín kí ẹ rántí. Ìyá mi ní tirẹ̀ sọ pé abẹ́rẹ́ kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Kìkì pé ipa abẹ́rẹ́ tèmi máa ń dà sí apá kejì, bí koríko tí atẹ́gùn ti ìhà ibòmíràn fẹ́ sí. Bí mo bá rán an wọ́, kì í nà mí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń sọ: “Tú u.” N óò tú u, n óò tún un rán. Bó bá tún wọ́, “Tú u.” Mo máa ń gbàdúrà pé kó kúkú nà mí kó jẹ́ kí n máa lọ.

Òfin kan wà tó ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bí a bá rán ìdí kẹ̀ǹbẹ̀ dé òpin, kókó mẹ́ta la gbọ́dọ̀ ta sí okùn kí a tó gé e. Ìyá mi máa ń kà á bí mo bá ń ta á: “Ọ̀kan fún ẹni tó ni aṣọ. Ọ̀kan fún ẹni tó rán an. Ọ̀kan fún ọjọ́ tí wọn yóò wọ̀ ọ́.” Aṣọ kan ṣoṣo ni a kì í ta kókó sí, aṣọ tí wọ́n fi ń sin òkú. Wọ́n ní a kì í so òkú mọ́ nǹkankan, kó má baà fa alààyè lọ́wọ́. Okùn aṣọ òkú gbọ́dọ̀ lè yọ wọ́ọ́rọ́. Tọmọdé tàgbà ló mọ èyí nílùú wa, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí.

Nígbà tí mo wà ní ìwé karùn-ún, mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, ojú sì ti ń là mí. Ayé ti ń yí. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti ń wọ ṣòkòtò tó fún wọn nítan, tó wá gbòòrò nísàlẹ̀ bí ẹnu fèrè. Bí wọ́n bá ń kọjá níwájú ilé wa, tí wọ́n rí kẹ̀ǹbẹ̀ tí a sá sórí okùn, wọn a ní, “Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé àgọ́ ni àbí ṣòkòtò?” Ìyá mi á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ẹ wọlé wá sá fún òjò níbẹ̀.” Inú rẹ̀ á dùn. Èmi á fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, tíṣà obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìjẹ̀bú dé ní kí a dìde níkọ̀ọ̀kan, kí a sọ iṣẹ́ òbí wa. Ọmọ àgbẹ̀ dìde, ọmọ àgbẹ̀ dìde, ọmọ àgbẹ̀ tún dìde. Ó kàn mí. Mo ní, “Bàbá mi tíṣà ni ní Ayétẹ̀, mà. Ìyá mi, nọ́ọ̀sì ni.” Òtítọ́ ni ti bàbá mi; ti nọ́ọ̀sì, n kò mọ ibi tó ti jáde. Tíṣà bi mí pé níbo. Mo ní Èrúwà. Gbogbo kíláàsì yíjú wò mí, wọ́n sì dákẹ́. Mo rò pé wọ́n ṣàánú mi ni. Àṣé wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ ni, bí ẹni tọ́jú ẹran sínú ọbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n jẹ ẹran náà. Mo gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán mi sílé, ìyá mi sì gbé e wá. Ó yọ sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, òwú funfun rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, abẹ́rẹ́ mẹ́ta wà lára gèlè rẹ̀ bíi ti ìgbà gbogbo. Mo tọ́ka sí i pé ìyá mi ni. Tíṣà fò dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

“Ẹ káàsán mà, Nọ́ọ̀sì. Mo tiẹ̀ ti ń fẹ́ rí yín, mà. Ọrùn ló ń ro mí láti àná.”

Ìyá mi wo ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá ẹlòmíràn ló ń bá wí. “Nọ́ọ̀sì kẹ̀, tíṣà? Èmi tí mo ń rán kẹ̀ǹbẹ̀?”

Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Múfú, tí ẹnu rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn, pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Nọ́ọ̀sì Kẹ̀ǹbẹ̀!” Kíláàsì dàrú. Wọ́n ń lu tábìlì. Ẹnì kan ń sunkún ẹ̀rín. Ìyá mi wò mí. Ojú tó fi wò mí kò gùn, ṣùgbọ́n ó ti yé e. Ó gbé abọ́ oúnjẹ náà sórí tábìlì mi, ó ṣí ìdérí rẹ̀ kí n rí i pé ó ṣì gbóná, ó kí tíṣà pé ó dàbọ̀, ó sì lọ. Mo délé. Ì bá tiẹ̀ gbá mi létí. Mo fẹ́ kó gbá mi létí. Ẹ̀gúsí ló ní kí n wá pa.

Èmi kúkú nìyí, dípò kí ojú tì mí nítorí irọ́ mi, òun ni mo ń bínú sí. Mo ń wí nínú ara mi pé bí kò bá ṣe kẹ̀ǹbẹ̀ yìí ni, ta ni yóò fi mí ṣẹ̀sín?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e ni a gbọ́dọ̀ parí aṣọ Bàbá Délé. Àgbẹ̀ ni Bàbá Délé, ó sanra, ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ilé wa. Òun ni wọ́n fẹ́ fi jẹ Bàbá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ Ìsinmi, ọjọ́ ìkórè. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti fi kóòtù àti táì jẹ ẹ́. Bàbá Délé ní òun kò lọ́rùn tí wọn yóò so. Ó gbé dàńdógó bàbá rẹ̀ tí ikán ti jẹ lápá kan wá, ó tẹ́ ẹ síwájú ìyá mi. “Ìyá Ìbejì, irú èyí gan-an, tòun ti kẹ̀ǹbẹ̀ rẹ̀. Kí n rí bàbá mi lára mi kí n tó kú.” Ó lé ní oṣù méjì tí ìyá mi fi rán an. Ọnà ọrùn dàńdógó náà nìkan gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ìdí kẹ̀ǹbẹ̀ ló kù. Ìyá mi gbé e fún mi ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní, “Ìwọ ni kí o rán an. Ọwọ́ rẹ ti ń mọ́. N kò ní yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.” Kò sọ irú rẹ̀ fún mi rí. Ó tún ra wàrà lọ́wọ́ ọmọbìnrin Fúlàní tó ń kọjá, ó bu èyí tó tóbi jù fún mi. Nísinsìnyí mo mọ̀ pé ó ń fi ìyẹn bá mi sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì. Nígbà náà, wàrà ni mo rí.

Mo jókòó, mo ń rán. Àwọn ọmọ ń kọjá lójú ọ̀nà lọ sí pápá tí a ti ń múra eré ìje sílẹ̀. Múfú wà lára wọn. Ó yọ orí sí ọ̀dẹ̀ wa, ó ní, “Nọ́ọ̀sì kékeré, ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé aláìsàn yín ti ń gbádùn?” Ó nawọ́ sí ṣòkòtò náà. Wọ́n sá lọ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé dàńdógó kọjá ẹ̀wù àbínúdá. Mo mọ òwe náà dáadáa. Ìyá mi a máa pa á fún mi bí mo bá ń fa okùn pẹ̀lú ìbínú. Lọ́jọ́ náà, mo dá ara mi lóhùn pé dàńdógó ni wọ́n wí, wọn ò dárúkọ kẹ̀ǹbẹ̀. Mo rán ìdí rẹ̀ dé òpin. Okùn ṣì gùn tó láti ta kókó mẹ́ta. Mo dì í mú, mo wò ó, mo sì fi abẹ gé e.

N kò gbàgbé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nìyẹn, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ fún ara mi pé mo gbàgbé ni. Mo rántí kókó kọ̀ọ̀kan. Mo tiẹ̀ kà wọ́n nínú: ti ẹni tó ni aṣọ, kò sí, ti ẹni tó rán an, kò sí, ti ọjọ́ tí wọn yóò wọ̀ ọ́, kò sí. Ó dùn mọ́ mi bí ìgbà tí èèyàn bá yọ ahọ́n sí àgbà lẹ́yìn. Mo ká ṣòkòtò náà, mo sì sá lọ sí pápá.

Nígbà tí Bàbá Délé wá gbé aṣọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó mú àgbàdo sísun méjì wá fún mi. “Alòsì ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ní ìwọ lo rán ìdí mi. Ṣé o ta kókó mi dáadáa?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Mo jẹ àgbàdo náà tán.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọjọ́ ìkórè ṣe rí nígbà náà: iṣu, ewúrẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àwọn adìyẹ tí ń bá ẹgbẹ́ akọrin kọrin. Nígbà tí Bàbá Délé wọlé, ṣọ́ọ̀ṣì mí kanlẹ̀. Èmi náà mí. Mo ti rí aṣọ yẹn lórí ẹní, lórí okùn, lórí itan ìyá mi, n kò mọ̀ pé bó ṣe máa rí lára èèyàn nìyẹn. Bàbá Délé ń rọra bọ̀ bí ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń pe kẹ̀ǹbẹ̀ ní àgọ́ dìde dúró. Mo wo ìyá mi láàárín àwọn obìnrin. Orí rẹ̀ wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín sí itan ara rẹ̀. Ìgbà náà ni mo rántí okùn tí mo gé.

Pàsítọ̀ gbàdúrà fún un, ó ní kó kúnlẹ̀. Bàbá Délé ní, “Pàsítọ̀, bàbá tí mo wọ aṣọ rẹ̀ yìí kì í kúnlẹ̀, dídọ̀bálẹ̀ ló ń ṣe.” Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú pẹpẹ. Kò sí ariwo aṣọ tó ya. Bí aṣọ bá ya, ó ń pariwo. Èyí kàn là ni, láti iwájú dé ẹ̀yìn, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni ṣí ìwé. Ọpẹ́lọpẹ́ ṣòkòtò pénpé funfun tó wọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ akọrin ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni gbogbo ilé dàrú. Bàbá Délé alára dìde, ó di ìdí rẹ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà kan tó wà níwájú ló tẹ̀ ba, tó mú nǹkan nílẹ̀. Okùn ni. Gbogbo rẹ̀ ló yọ jáde pátá, ó gùn, ó mọ́, ó sì dán nítorí ìda oyin. Ó fi ìka yẹ ìpẹ̀kun rẹ̀ wò.

Ó ní, “Okùn yìí kò ní kókó.”

Ẹ̀rín kú. Ẹ ò rí i bó ṣe kú. Mo gbọ́ adìyẹ kan. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan ní, “Aṣọ òkú ni wọ́n wọ̀ fún un.” Ìyàwó Bàbá Délé ké. Pàsítọ̀ gbé ọwọ́ sókè, ó ní, “Ẹ̀yin ará, onígbàgbọ́ ni wá, a ti kọjá ìyẹn,” ṣùgbọ́n bó ṣe ń wí i ló ń fi ẹsẹ̀ méjì sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ aláṣọ. Bàbá Délé kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń wo ọnà ọrùn dàńdógó rẹ̀ bí ẹni pé ejò ni.

Ìyá mi jáde láàárín àwọn obìnrin. Ó gba okùn náà, ó wò ó. Ó gbé etí ṣòkòtò tó là sókè, ó wo ihò tí abẹ́rẹ́ ti gbà. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì rìn kọjá lórí àga àwa ọmọdé. Kò dúró lórí mi. Ó kúnlẹ̀.

“Ọwọ́ mi ni, Bàbá. Èmi ni mo gbàgbé. Ẹ má bínú sí mi.”

Mo ní ẹnu. Ahọ́n wà nínú rẹ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ló wà láàárín èmi àti ìyá mi. N kò dìde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Ó di Ìyá Ìbejì Aláṣọ-Òkú. Àwọn tó ti fún un níṣẹ́ wá gba òfì wọn padà láìtíì rán an, wọ́n dúró síta, wọ́n ní kí a gbé e jáde fún àwọn. Bàbá Délé dùbúlẹ̀. Kò sí ohun tó ń ṣe é tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí. Ó kàn ń retí ikú ni. Ojoojúmọ́ ni ìyá mi ń gbé ẹ̀kọ àti ìlasa lọ fún un, èmi ni mo ń ru abọ́. Lọ́jọ́ kan, ìyá mi wà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ó ku èmi àti Bàbá Délé ní yàrá. Ó la ojú. “Alòsì ọ̀rẹ́ mi, kí ni wọ́n ń sọ níta? Ìgbà wo ni wọ́n ní n óò kú?” Ó fẹ́ fi ṣeré, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ní, “N kò gbọ́, sà,” mo sì sá jáde. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ẹkún lápá ilé wọn, mo máa ń rò pé mo ti pa á.

Kò kú. Òjò àkọ́rọ̀ ló jí i. Ó dùbúlẹ̀ títí ó fi gbọ́ ọ lórí páànù, ló bá dìde jókòó. Ó ní ikú kò tètè dé, òjò ti dé, àgbàdo kò sì ní gbin ara rẹ̀. Ó lọ sóko. Àwọn tó ń sọ pé yóò kú, ó sin ọ̀pọ̀ nínú wọn kó tó lọ ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò wọ kẹ̀ǹbẹ̀ mọ́ láéláé. Kóòtù aláwọ̀ eérú kan ló ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, táì sì ń fún un lọ́rùn. Bí mo bá rí i, ọ̀nà mìíràn ni mo ń gbà.

Ìyá mi náà kò rán kẹ̀ǹbẹ̀ mọ́. Bàbá mi ra ẹ̀rọ fún un láti Ìbàdàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé. Wọ́n tún yí orúkọ rẹ̀ padà, ó di Ìyá Ìbejì Yunifọ́ọ̀mù. Múfú wọ ṣòkòtò tí ìyá mi rán, ó sì ń kí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ni mo rí gbà. Ọ̀sán kan wà tí mo dé láti ilé-ìwé tí mo bá a tó fi ọwọ́ méjèèjì lé orí ẹ̀rọ, tí kò rán nǹkankan, tó ń wo ibi tí àpótí abẹ́rẹ́ bàbá rẹ̀ wà lókè àjà. Mo kọjá wọlé. Mo lọ pa ẹ̀gúsí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán mi.

Ọdún méjìdínlógún ni mo fi gbé e mì. Oyún àkọ́bí mi wà nínú mi nígbà tí mo sọ ọ́ jáde, lórí ẹní, níbi tí a ti ń pa ẹ̀gúsí. Mo ní, “Màámi, èmi ni mi ò ta kókó sí kẹ̀ǹbẹ̀ Bàbá Délé. N kò gbàgbé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni.”

Kò dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró. “Mo mọ̀.”

“Ẹ mọ̀ báwo?”

“Ta ni alòsì nínú ilé wa, èmi ni? Ihò abẹ́rẹ́ dà sí apá ibi tìrẹ. Mo rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi fà mí jáde lọ́jọ́ náà. Ó ní, “Ọmọ ọdún mọ́kànlá, kí n fi lé ìlú lọ́wọ́? Èmi ti dàgbà tó ẹni tí wọ́n ń bú.” Mo tún bi í pé, ṣé ìlú ló lé e kúrò nídìí iṣẹ́, àbí kí ló dé tó fi jáwọ́? Ó fẹ́ èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ọwọ́ rẹ̀.

“Iṣẹ́ tí ọmọ mi fi ń tijú débi tó fi sọ mí di nọ́ọ̀sì, ta ni n óò fi àpótí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún?”

Mo bẹ̀ ẹ́ kó gbé àpótí náà sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ikùn mi kò ní jẹ́ kí n tẹ̀ ba orí ẹní. Lẹ́yìn tí mo bímọ, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá sílé mi ní Èrúwà. Ọdún méjì gbáko ló fi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gé dàńdógó. Mo ti di ìyálọ́mọ, ó ṣì ń sọ fún mi pé, “Tú u.”

Ayé ti yàtọ̀ nísinsìnyí. Nínú pálọ̀ mi ni mo ti ń rán aṣọ àtijọ́, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tó ń pè é ní àgọ́ ni wọ́n ń tò sẹ́nu ọ̀nà mi. Ẹni tó fẹ́ gbéyàwó fẹ́ gbárìyẹ̀. Ilé-ìwé tó fẹ́ ṣe eré fẹ́ kẹ̀ǹbẹ̀ mẹ́wàá. Ọ̀kan lára wọn ní kí n bá òun fi síìpù sí i, òmíràn ní kí n fi àpò tẹlifóònù sínú rẹ̀. Múfú alára wá lọ́dún tó kọjá, orí rẹ̀ ti pá, ó fẹ́ dàńdógó fún ayẹyẹ ọgọ́ta ọdún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ní, “Wọlé, aláìsàn mi.” A rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wa, ṣùgbọ́n omijé tèmi kò tètè dá. Nígbà kan, èmi ni mo sá fún orúkọ ìyá mi. Lónìí, Oníkẹ̀ǹbẹ̀ ni wọ́n ń pè mí, mo sì ń jẹ́ ẹ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ẹni tó yẹ kó gbọ́ bí mo ṣe ń jẹ́ ẹ kò sí mọ́.

Èmi ni mo rán aṣọ tí a fi sin ín, òfì funfun láìsí ọnà kankan. Mo rán an dé òpin, mo sì wo ọwọ́ mi. Nígbà èwe mi, mo kọ̀ láti ta kókó níbi tó yẹ. Lọ́jọ́ yẹn, kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, ọwọ́ òsì mi ti ta kókó mẹ́ta sí aṣọ òkú. Mo jókòó tì í. N kò fẹ́ kó yọ wọ́ọ́rọ́. Mo fẹ́ kó so mọ́ mi síbẹ̀, kó fà mí lọ́wọ́ bó bá fẹ́. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ohùn ìyá mi nínú orí mi, kò le, kò rọ̀, bó ṣe máa ń rí.

“Tú u.”

Mo tú u.